Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Tí Oníbúrẹ́dì Mú Bọ̀ láti Toronto

Gbogbo ẹni tó ti wá kí mi káàbọ̀, òtútù ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ó dáa, òtútù wà níbẹ̀. Ó pọ̀. Ó ń wọ inú eyín. Mo ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí kì í ṣe òun ló mú mi gbé bírò. Ìbéèrè kan ni mo gbé kúrò ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí mo ṣe rí ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ẹ yéé gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí i.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Alhaja Mùíbátù, tí gbogbo Mọ́níyà ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Èmi àti ọkọ mi la jọ bẹ̀rẹ̀ ilé búrẹ́dì náà, pẹ̀lú ààrò alámọ̀ kan ṣoṣo. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí Ọlọ́run ti pe ọkọ mi, èmi nìkan ni mo sì ń darí ibẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Sìdíkátù, nọ́ọ̀sì ni ní Canada. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n ta ilé búrẹ́dì, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ẹni tó fẹ́ rà á sì wà nílẹ̀: Alhaji Lásísì, tó ní ilé búrẹ́dì tirẹ̀ ní òdìkejì títì. Ó ní kí n fún òun lésì kí oṣù náà tó parí. Mo ní kó ní sùúrù, kí n lọ wo ibi tí wọ́n ní kí n wá máa gbé kí n tó ta ibi tí mò ń gbé.

Mo dé

Ẹni tó yẹ ìwé mi wò ní pápákọ̀ òfuurufú jẹ́ ọmọdébìnrin kan tó fi nǹkan dúdú kun èékánná. Ó kí mi kí n tó kí i. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, torí mo ti mú ojú mi le láti ilé. Wọ́n ti sọ fún mi pé ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo àlejò níbẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Ó ní irú búrẹ́dì wo? Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá bi oníbúrẹ́dì ní irú ìbéèrè yẹn, ẹ tètè wá ibi jókòó sí. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Ọmọ náà fi ẹ̀rín tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé mi kí n tó dé ibi tí ìyẹ̀fun ti ń wú.

Sìdí àti Kamọ́rù ọkọ rẹ̀ ń dúró dè mí níta, pẹ̀lú Àmínà, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje. Mo gbé Àmínà mọ́ra.

"Ṣé o mọ̀ mí?"

"You're the grandma from the phone," ló fi dá mi lóhùn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jáde nínú fóònù.

Kamọ́rù ló wakọ̀. Ọmọ yẹn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, ìyẹn sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. "Mọ́mì, Ọlọ́run ló yọ wá o, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ winter tyres, táyà ìgbà yìnyín, sí mọ́tò yìí." Ọ̀nà náà fẹ̀, ó sì gùn, mọ́tò ń lọ lọ́tùn-ún lósì, kò sí ẹnìkan tó ń fọn fèrè. Nígbà tí a dé Pickering, ó nàka sí apá ibi omi. "Ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná rèé, Mọ́mì. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ wáyà." Mo béèrè pé iná yẹn kì í lọ ni? Ó ní kì í lọ. Mo ní kí wá ni àwọn tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ń jẹ níbí? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dín eré kù.

Sìdí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó bi mí ní ohun tí wọ́n bi mí ní pápákọ̀ òfuurufú.

"Wọ́n bi mí ní iṣẹ́ mi."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Mo ní oníbúrẹ́dì ni mí."

Ó yíjú sí fèrèsé. Mo rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́.

Àwọn ará ibẹ̀

Courtice ni wọ́n ń gbé, ibi tí gbogbo ilé ti jọ ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ àgbàlá ẹni ẹlẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ń bú kọ́kọ́rọ́ pé kò ṣí ilẹ̀kùn kí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó yọjú láti inú ilé. Òun ló bẹ̀ mí. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo fẹ́ já ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń sọ pé "sorry".

Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Kamọ́rù kó wa lọ sí àárín ìlú Toronto, a wọ subway, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, mo tẹ ẹsẹ̀ ọ̀gbẹ́ni kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara tí Ọlọ́run fún mi. Ó ní "sorry". Ẹni tó bá ń wọ ilé ìtajà á di ilẹ̀kùn mú de yín, ẹ lè ṣì wà lókèèrè o. Ẹ wá wo èmi, pẹ̀lú orúnkún mi yìí, tí mò ń sáré kí ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni má baà ro. Mo sáré bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwà rere wọn fẹ́ẹ̀ pa mí.

Síbẹ̀ wọn kì í kíni. Ìyẹn ló rú mi lójú jù. Mo máa ń dúró sí iwájú ilé láràárọ̀, mo máa ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á lọ. Ilé ogún ló wà ní títì yẹn, Sìdí ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, orúkọ ẹni méjì péré ló mọ̀.

Ẹ máa fẹ́ mọ̀ nípa búrẹ́dì wọn. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ mọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀, tí wọ́n ti gé sínú nylon, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ fi ọwọ́ fún un pọ̀, ó parí, kò ní dìde mọ́ láé. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò mọ̀ pé mo jẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n ní òmíràn, èyí tó kan díẹ̀, tí ara rẹ̀ le bí èèpo igi, ìyẹn dára. Ẹni tó ṣe ìyẹn fara balẹ̀. Mo di í mú sọ́wọ́ nínú ilé ìtajà, mo ń gbóòórùn rẹ̀, títí Sìdí fi wọ́ mi láṣọ pé, "Màámi, people are looking."

Sàárà

Lọ́dọọdún, ní oṣù tí ọkọ mi kú, mo máa ń yan búrẹ́dì lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì máa ń pín in ní sàárà fún gbogbo ojúlé tó yí wa ká. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Ẹ ó gbà á, ẹ ó ní kí Ọlọ́run gbà á, ó parí. Ọjọ́ náà bọ́ sí ìgbà tí mo wà ní Courtice, mi ò sì rí ìdí tí ọkọ mi ò fi ní gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nítorí pé mo wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Mo ra ìyẹ̀fun, mo fi ọwọ́ pò ó. Ààrò ilé Sìdí kò gbà ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan án. Sìdí rò pé fún inú ilé ni, kò sì béèrè púpọ̀. Láàárọ̀ Jímọ̀, ó ti lọ fún shift rẹ̀, Kamọ́rù ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó ń sùn, Àmínà náà ń sùn. Mo kí ìrun àsùbá. Mo wọ kóòtù dúdú Kamọ́rù tó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo fi ìborùn dúdú di imú àti ẹnu nítorí òtútù, mo kó búrẹ́dì ogún tí mo ti wé sínú nylon funfun, mo sì bọ́ síta.

Mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo ti rí i pé wọn kì í kan ilẹ̀kùn ara wọn níbẹ̀, mo sì rò pé ọ̀wọ̀ tí mo lè bù fún wọn nìyẹn. Mo ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ́ ọwọ́ ṣàdúrà díẹ̀, mo ń kọjá lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo padà sílé, mo po tíì, mo jókòó.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé aago ẹnu ọ̀nà wọn ní ojú. Ó ń ya fídíò.

Gbogbo títì yẹn ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Ibi iṣẹ́ ni Sìdí wà tí fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnìkan tó wọ dúdú látòkè dé ilẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ nìkan hàn, ń bẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn ní ìdájí, ó ń gbé nǹkan funfun kalẹ̀, ó ń gbé ọwọ́ sókè, ó ń lọ. Ẹnìkan kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn ní ṣé kí òun pe ọlọ́pàá. Ẹnì kẹta ní ajá òun ti jẹ tòun tán, kò sì tíì ṣe é ní nǹkan kan.

Fóònù mi dún.

"Màámi. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, tell me that's not you."

"Èmi kọ́ níbo?"

"Nínú fídíò! Kóòtù Kamọ́rù nìyẹn! Màámi, wọ́n fẹ́ pe police!"

Kamọ́rù jí, ó wo fídíò náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òun ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ìyàwó òun ni, búrẹ́dì ni, sàárà ni, kí wọ́n má bínú. Wọ́n dáhùn pé "oh", wọ́n sì fi ọkàn pupa kéékèèké sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, mo dúró lójú fèrèsé, mo rí ọkùnrin tó ń gbé ní iwájú wa tó jáde. Ó fi ìka méjì gbé búrẹ́dì mi, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀, ó sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ọkùnrin náà ò ṣe mí ní nǹkan kan, kò mọ̀ mí. Ó dùn mí síbẹ̀.

Nígbà tí Sìdí dé, kò pariwo. Ó ní, "Màámi, you can't just be dropping something for people's door."

"Sàárà bàbá rẹ ni."

"Mo mọ̀. Àwọn ni ò mọ̀." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí búrẹ́dì yìí lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sinmi."

Lálẹ́ yẹn mo gbé fóònù, mo wo orúkọ Alhaji Lásísì. Mo fẹ́ẹ̀ pè é. Mo rò ó pé bí iṣẹ́ ọwọ́ mi bá ti di ohun tí wọ́n ń fi ìka méjì gbé, bóyá ó ti tó kí n jókòó. Kamọ́rù ló pè mí wá jẹun, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n pè é.

Auntie Doris

Lọ́jọ́ kejì, ẹnìkan tẹ aago. Ìyá òyìnbó kan ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ara rẹ̀ tín-ín-rín, ó mú ìgò jáàmù lọ́wọ́. Wọ́n ní Doris lorúkọ àwọn, wọ́n ń gbé ní ilé kẹta sí wa, wọ́n sì ti jẹ búrẹ́dì náà tán. Gbogbo rẹ̀, láàárín ọjọ́ kan, àwọn nìkan, pẹ̀lú bọ́tà. Wọ́n ní àwọn wá dúpẹ́, àti pé àwọn fẹ́ kí n wá mu tíì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Doris. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó lè bí mi. Mo ní mi ò lè ṣe é, ahọ́n mi ò ní gbà. A dúnàádúrà títí, a sì fi orí rẹ̀ tì sí Auntie Doris. Inú wọn dùn sí i gan-an, wọ́n ní kò sí ẹni tó pe àwọn bẹ́ẹ̀ rí.

Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìntì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́, ìwé sì kún ilé wọn dé orí àtẹ̀gùn. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kì í ṣe ti ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tí mo bá rán an. A sọ̀rọ̀ ọkọ tiwọn tó kú, a sọ̀rọ̀ ọkọ tèmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé bírò, wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀yìn àpò ìwé kan, wọ́n tì í sí mi.

Hlæfdige ni ohun tí wọ́n kọ. Mo ní kí ni èyí? Wọ́n pè é. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ húkọ́.

Àlàyé wọn rèé, bí mo ṣe gbọ́ ọ. Láyé àtijọ́, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ò tíì dà bí èyí tí a ń gbọ́ lónìí, búrẹ́dì ni ilé dúró lé. Baálé ilé, "ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì" ni wọ́n ń pè é. Ẹnu àwọn èèyàn ń gé ọ̀rọ̀ náà kúrú láti ìran dé ìran títí tó fi di lord. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀, "àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì" ni wọ́n. Obìnrin tó ni ilé wá ńkọ́? "Ẹni tó ń po búrẹ́dì." Ìyẹn ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àpò ìwé yẹn. Òun náà kúrú, ó kúrú, títí tó fi di lady.

Mo gbé ife tíì sílẹ̀.

"Lady?"

"Lady," ni Auntie Doris wí.

"Lady tí wọ́n ń pe ìyàwó àwọn ọlọ́lá?"

"Òun gan-an."

"Lady tí wọ́n kọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ní pápákọ̀ òfuurufú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Mo ní kí wọ́n tún un pè fún mi, mo sì ń pè é tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tó yẹ kí oníbúrẹ́dì béèrè: ìgbà wo ni wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ wa? Wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin ilé ń lówó, ó ń gba àwọn tó ń po ìyẹ̀fun fún un, òun ò pò ó mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ò kúrò lára rẹ̀. Mo ní olè ni. Wọ́n ní bóyá.

Wọ́n wá sọ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì bíi tèmi ni yín. Ọmọ yín ti sọ fún mi."

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Mo bi wọ́n pé ọmọ ta ni. Wọ́n ní Sìdí. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n, láti ọjọ́ tó ti kó dé.

"Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni rí, Auntie," ni mo wí. "Búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Òun ni mo ti ń ṣe láti kékeré."

Wọ́n ní "sorry". Ẹ ti mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

Èmi àti Sìdí

Mo bu oúnjẹ fún un kí n tó sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ bá ọmọ tí ebi ń pa jà. Nígbà tó jẹun tán, tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ni mo bi í.

"Sìdí, ilé-ìwé wo ni mo ti ṣe ọ̀gá?"

Ó gbójú sókè, ó rí ojú mi. Kò gbìyànjú láti purọ́.

"Màámi, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú. Sọ̀rọ̀."

Ó ń fi ṣíbí yí ìyókù ọbẹ̀ inú àwo rẹ̀. "Nígbà tí mo wà ní secondary school, ẹnu géètì wa lẹ máa ń dúró sí tẹ́ ẹ ń ta búrẹ́dì fáwọn classmate mi. Mo máa ń gba ẹ̀yìn wọlé kí wọ́n má baà rí i pé a jọra. Ẹ ò mọ̀. Nígbà tí mo dé ibí, somebody at work asked me, what does your mum do? Mo ní principal ni yín. It just came out. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e padà."

Ó dùn mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní díbọ́n fún yín. Mo fẹ́ sọ fún un pé búrẹ́dì yẹn ló kọ́ ọ níwèé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ojú máa tì í. Mo dìde, mo fọ àwo méjì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe ní kí n tà á?"

"Rárá." Lẹ́yìn náà ó ní, "Díẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi lóòótọ́. Àmọ́ díẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, mo kọ ẹ̀yìn sí i kó má baà rí i. Kí n má baà sọ ohun tí mi ò ní lè gbé mì, mo sọ ọ̀rọ̀ Auntie Doris fún un, látorí ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì dé orí ẹni tó ń pò ó. Ó nu imú.

"Màámi, nobody knows that one again."

"Èmi mọ̀ ọ́. Ìwọ náà ti wá mọ̀ ọ́."

Mo wá sọ fún un pé sàárà bàbá rẹ̀ ò tíì pé, torí mo fi ojú mi rí èyí tó lọ sínú garawa. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni off rẹ̀. A jọ máa pò ó, a jọ máa yan án, a jọ máa gbé e lọ. Òun ló máa kan ilẹ̀kùn, òun ló sì máa sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn. Mi ò ní kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni èyí: tó bá ní ọ̀gá ilé-ìwé ni mí, mi ò ní jà. Mo máa rẹ́rìn-ín sí àwọn aládùúgbò rẹ̀, mo máa padà sílé, mo sì máa pe Alhaji Lásísì pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́. Mi ò lè máa ṣe iṣẹ́ tó ń mú ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí gba ẹ̀yìn wọlé.

Ojúlé sí ojúlé

Sìdí ò mọ ìyẹ̀fun pò. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ, ó ń bi mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún pé ṣé ó ti tó. Mo ní kò tíì tó. Ó ní báwo lẹ ṣe ń mọ̀? Mo ní òun náà á mọ̀. Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò fi sílẹ̀, ó pò ó títí òógùn fi bò ó nínú òtútù.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ la jáde, tí oòrùn ti là dáadáa. Kóòtù ara mi ni mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú mi sì wà níta. Sìdí fúnra rẹ̀ ló mú ilé tó wà ní iwájú wa ṣe àkọ́kọ́. Mi ò sọ fún un pé ọkùnrin yẹn ló gbé tèmi jù nù.

Ó kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ṣí i.

"Hi, good morning. Sorry about last week," ni Sìdí wí. "We live across. This is my mother."

Ó dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe mí sínú. Mo tẹjú mọ́ nylon ọwọ́ mi, torí mi ò fẹ́ kó rí ohunkóhun lójú mi tó máa tì í síbì kan.

"She's a baker," ló wí. "She has her own bakery in Ibadan, in Nigeria. The bread was for my dad. It's how we remember him. She made this one too, and I helped small."

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní òun ti ju tìṣáájú nù, òun ò mọ̀, kí a dárí ji òun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba èyí. Mo ní kí Ọlọ́run gbà á. Sìdí túmọ̀ rẹ̀ fún un, ọkùnrin náà sì ní "amen".

Láti ibẹ̀ lọ, mi ò lè bá Sìdí rìn mọ́. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ohùn rẹ̀ ń ròkè sí i ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dà bí ẹni ń polówó. Onírùngbọ̀n tí mo fẹ́ já ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kí a wọlé. Obìnrin alájá ní ajá òun ti ń wá mi. Ní ilé Auntie Doris, Sìdí dúró, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ fún wọn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní lọ́wọ́ mi ni kó ti tọrọ rẹ̀. Ó ní òun ti tọrọ rẹ̀, òun máa tún tọrọ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí a dé ilé tó gbẹ̀yìn nígbà tí fóònù mi dún nínú báàgì. Ọwọ́ mi kún. Sìdí gbé e, ó wo orúkọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè gbọ́.

"Alhaja, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," ni Alhaji Lásísì wí. "Oṣù ti ń parí lọ. Ṣé ká máa múra sílẹ̀ ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́ sà," ni Sìdí dáhùn. "Ẹ má bínú sà, ilé búrẹ́dì yẹn kì í ṣe títà mọ́."

Mo wò ó. Èmi tí mo ni ilé búrẹ́dì, kò sí ẹni tó tíì bi mí.

"Háà," ni Alhaji wí. "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Alhaja ni mo ní kí n bá sọ̀rọ̀."

"Ọmọ oníbúrẹ́dì ni, sà."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ fún Alhaji pé bó ṣe wí yẹn náà ló rí.